Ajá tí ẹ gbà lọ́wọ́ ìyà kò jẹ yín ní gbèsè ọpẹ́

Ìbéèrè kan dé ọ̀dọ̀ mi láti Kétu, ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ wa níhìn-ín. Mo gé e kúrú díẹ̀:

"Ẹ kú iṣẹ́ o, dókítà. Ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún mọ́kànlá, ló gbé ajá kan wálé láti ẹ̀yìn ọjà. Okùn tí wọ́n fi so ó ti jẹ wọnú ẹran ọrùn rẹ̀. A fi omi iyọ̀ fọ ojú ọgbẹ́ náà, a ra oògùn, ó ti jinná, irun ti hù bò ó. Ṣùgbọ́n títí di òní, bí ọkọ mi bá ti fọwọ́ kan ìgbálẹ̀ báyìí, ajá á tọ̀ sílẹ̀, á kó sábẹ́ ibùsùn. Bó bá ń jẹun, á máa kùn mọ́ ọmọ tó gbé e wálé gan-an. Ìyá ọkọ mi ní aláìmoore ni, pé ká tà á fún àwọn tó fẹ́ fi bọ Ògún, ká rí owó oògùn wa gbà padà. Ọmọ mi ń sunkún. Ṣé kí n tà á? Àti pé, kí lèèyàn tiẹ̀ lè rí kọ́ lára irú ẹran báyìí?"

Ìyá, ẹ kú ìtọ́jú, ẹ kú ìnáwó. Ẹ má tà á. Ibẹ̀ ni mo fẹ́ ti bẹ̀rẹ̀, kí ọmọ yín lè nu ojú rẹ̀.

Ohun tí ẹ ròyìn yìí kì í ṣe àìmoore, ẹ̀rù ni. Ẹ̀yin mọ̀ pé ẹ gbà á là, òun ò mọ̀. Ohun tí òun mọ̀ ni pé ọwọ́ èèyàn ló so okùn mọ́ òun lọ́rùn, ọwọ́ èèyàn ló tún tú u, ọwọ́ èèyàn náà ló sì tún ń fi omi iyọ̀ ta òun lójú ọgbẹ́. Báwo ni yóò ṣe mọ èyí tó jẹ́ oore nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ mú ọ̀rọ̀ ọpẹ́ kúrò lọ́kàn pátápátá. Ajá yìí kò jẹ yín ní gbèsè. Ọjọ́ tí ẹ bá gba èyí gbọ́ ni ìbínú yóò dín nínú ilé, ọjọ́ náà sì ni iṣẹ́ yóò tó bẹ̀rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká mú ti ìgbálẹ̀. Onímọ̀ ará Rọ́ṣíà kan wà, Ivan Pavlov, ẹni tó gba ẹ̀bùn Nobel ní 1904 nítorí iṣẹ́ rẹ̀ lórí bí oúnjẹ ṣe ń dà nínú ara. Ó ṣàkíyèsí pé àwọn ajá tó wà lọ́dọ̀ rẹ̀ máa ń da itọ́ kí oúnjẹ tó dé iwájú wọn. Ohun yòówù tí wọ́n bá ti ń rí tàbí tí wọ́n ń gbọ́ ṣáájú oúnjẹ ti tó láti mú itọ́ jáde lẹ́nu wọn. Ẹ̀rù náà máa ń wọ ajá lára lọ́nà yìí, àfi pé tirẹ̀ yá ju ti oúnjẹ lọ. Ìyà ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, bó bá le tó, lè so ìgbálẹ̀ pọ̀ mọ́ ìrora nínú orí ajá títí di ọjọ́ pípẹ́. Ìtọ̀ tó ń jáde yẹn kì í ṣe àfojúdi, kò sì fi ṣẹ̀sín ọkọ yín. Ara rẹ̀ ló tú, kò lágbára lórí i rẹ̀. Tí ẹ bá wá nà án nítorí ìtọ̀, ẹ ti fi hàn án pé òótọ́ ni ohun tó ń bẹ̀rù.

A ò lè pa ohun tó ti mọ̀ rẹ́. A lè fi ohun mìíràn lé e lórí. Ẹ gbé ìgbálẹ̀ sílẹ̀ ní ìpẹ̀kun àgbàlá, kí ẹnikẹ́ni má dì í mú. Níbi tí ajá ti lè rí i tí ara rẹ̀ kò sì gbọ̀n, ibẹ̀ ni kí ẹ ti máa ju ẹran wẹ́wẹ́ sí i, ìbáà ṣe ìfun, ìbáà ṣe ẹja gbígbẹ tí kò níyọ̀. Tí ẹ bá gbé ìgbálẹ̀ kúrò, kí ẹran náà tán. Lọ́jọ́ kejì, ẹ sún ìgbálẹ̀ mọ́ ọn ní ìwọ̀n ẹsẹ̀ kan. Bó bá kọ̀ tí kò jẹun mọ́, ẹ ti sún un jù, ẹ dá a padà sẹ́yìn. Nígbà tó bá yá, kí bàbá ọmọ wá jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìgbálẹ̀, kí wọ́n kọ ẹ̀gbẹ́ sí ajá, kí wọ́n má wò ó lójú, kí wọ́n má pè é. Lẹ́yìn náà ni wọn yóò fọwọ́ kàn án, tí wọn yóò gbé e díẹ̀, tí wọn yóò gbálẹ̀ lẹ́ẹ̀kan péré kí wọ́n tó gbé e sílẹ̀. Ajá ló máa sọ ọjọ́ tí ẹ lè tẹ̀síwájú. Àwọn tó ń gba ajá là nílùú òyìnbó máa ń sọ pé ọjọ́ mẹ́ta ni ajá fi ń bẹ̀rù ilé tuntun, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló fi ń mọ ìṣe ilé, oṣù mẹ́ta ló fi ń di ọmọ ilé. Ó dáa láti mọ̀, ṣùgbọ́n nínú ohun tí mò ń rí, ajá tí okùn ti jẹ ọrùn rẹ̀ máa ń pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ, nígbà míì ó lé ní ọdún.

Ẹ bi mí pé kí lèèyàn lè rí kọ́. Awakọ̀ zẹ́mìjàn, ìyẹn ọ̀kadà, kan wà níhìn-ín ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), lẹ́bàá ọjà Wàńdò, tó gbé abo ajá kan tí mọ́tò gbá lẹ́sẹ̀ wálé. Ọkùnrin náà ní ohùn. Bó bá wọlé lálẹ́, gbogbo àdúgbò ló ń mọ̀. Kò pẹ́ tó fi rí i pé alẹ́ tí òun bá pariwo, ajá kì í fẹnu kan oúnjẹ títí ilẹ̀ á fi mọ́. Ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í rọ ohùn sílẹ̀ kó tó kan ilẹ̀kùn, nítorí ajá. Ìyàwó rẹ̀ ló sọ fún mi, nígbà tí wọ́n jọ mú ajá náà wá gba abẹ́rẹ́, pé àwọn ọmọ ti wá ń jókòó ti bàbá wọn báyìí. Gbogbo àgbà ẹbí ló ti bá ọkùnrin yìí sọ̀rọ̀ nípa ariwo rẹ̀, kò gbọ́. Ohun tí ajá fi mú un kò ju pé kò bá a jà, kò sì dá a lóhùn. Ó kàn ń fi hàn án lójoojúmọ́ ohun tí ohùn rẹ̀ ń ṣe fún ẹlòmíràn. Èmi ò mọ olùkọ́ tó sàn ju ìyẹn lọ fún àgbàlagbà.

Ẹ jẹ́ ká wá dé orí kíkùn nídìí oúnjẹ. Ẹ fara balẹ̀ ka ibí yìí, torí ọmọ yín ni.

Ajá tó ń kùn ń sọ̀rọ̀ ni. Ó ń sọ pé, "Ẹ dúró síbẹ̀ yẹn, ẹ̀rù ń bà mí pé ẹ ó gbà á." Tí ẹ bá lù ú nítorí pé ó kùn, yóò dákẹ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀rù náà wà nínú rẹ̀ síbẹ̀. Ìkìlọ̀ nìkan lẹ gbà lẹ́nu rẹ̀. Lọ́jọ́ mìíràn, eyín ni yóò kọ́kọ́ dé. Ọ̀pọ̀ ajá ni wọ́n ń mú wá fún mi pẹ̀lú ẹjọ́ pé ó kàn ṣàdédé bu èèyàn jẹ ni. Bí mo bá wádìí dáadáa, ajá náà ti ń kùn tẹ́lẹ̀, wọ́n sì ti nà án títí tó fi jáwọ́ nínú kíkùn.

Nítorí náà, ẹ gbé abọ́ rẹ̀ lọ sí igun kan tí ẹsẹ̀ kì í pọ̀. Kí ọmọ má dé ibẹ̀ rárá nígbà tó bá ń jẹun, kó má sì fọwọ́ kan abọ́ náà láti fi dán an wò bóyá yóò kùn. Ẹ̀yin tàbí bàbá ọmọ ni kí ẹ máa gba òkèèrè kọjá, kí ẹ ju ohun tó dùn ju ohun inú abọ́ lọ sí i, kí ẹ sì máa bá tiyín lọ láìdúró. Ẹ má gba nǹkan kan lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ óò rí i pé lọ́jọ́ kan, bó bá gbọ́ ẹsẹ̀ yín, yóò gbé orí sókè, ojú rẹ̀ yóò rọ̀, yóò máa retí. Lẹ́yìn ìgbà yẹn ni ọmọ lè wá máa ju ti ẹ̀, pẹ̀lú àgbàlagbà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Púpọ̀ nínú wa ni wọ́n tọ́ ní ilé tí ọmọ kì í ti í lè sọ pé ohun kan ń dun òun láìjẹ ìgbátí. Ẹni tó bá ti kọ́ láti gbọ́ kíkùn ajá láìbínú, ẹ wò ó bí yóò ṣe gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu ọmọ tirẹ̀ náà.

Ẹ kò sọ fún mi bóyá ó ti gba abẹ́rẹ́ àjẹsára dìgbòlugi. Bí kò bá tíì gbà á, ẹ fi ohun gbogbo mìíràn sílẹ̀, ẹ lọ ṣe ìyẹn lọ́sẹ̀ yìí. Bí àmì dìgbòlugi bá ti hàn lára èèyàn, ikú ló fẹ́rẹ̀ẹ́ máa ń já sí nígbà gbogbo. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé nínú 100 èèyàn tí àrùn yìí mú, ó tó 99 tó jẹ́ ajá ló kó o ràn wọ́n, àti pé nínú 100 tí ẹran tí a fura sí bù jẹ, nǹkan bí 40 ni kò tíì pé ọdún 15. Ọjọ́ orí ọmọ yín nìyẹn. A sì ní ohun tí a lè fi dènà rẹ̀ láti 1885, nígbà tí Louis Pasteur ní ilẹ̀ Faransé fún Joseph Meister, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án tí ajá bù jẹ, ní abẹ́rẹ́, tí ọmọ náà sì yè. Ọjọ́ tí Pasteur kú, 28 oṣù kẹsàn-án, ni gbogbo ayé fi ń ṣe ọjọ́ dìgbòlugi lọ́dọọdún. Láti bí oṣù mẹ́ta ni ajá ti lè gba abẹ́rẹ́ yìí, dókítà ẹranko yóò sì sọ ọjọ́ tí ẹ óò padà wá.

Bí ajá bá bu ẹnikẹ́ni jẹ, ìbáà ṣe ajá yìí tàbí ti aládùúgbò, ẹ fi omi tó ń ṣàn àti ọṣẹ fọ ojú ibẹ̀ fún ìṣẹ́jú 15 gbáko, kí ẹ sì gba ilé ìwòsàn lọ lọ́jọ́ náà gan-an, bí ọgbẹ́ náà tilẹ̀ kéré. Ẹ má fi ata sí i, ẹ má fi epo sí i, ẹ má sun irun ajá lé e. Ẹ ti ajá náà mọ́ ibì kan, kí wọ́n máa ṣọ́ ọ fún ọjọ́ 10. Ẹ má pa á kí dókítà tó rí i.

Ní ti ìyá àgbà, mi ò ní kí ẹ bá wọn jà. Wọ́n dàgbà síbi tí ajá ti jẹ́ ẹran Ògún, ẹni tó bá sì mọ ìtàn wa kò ní sọ pé irọ́ ni wọ́n pa. Ṣùgbọ́n ẹ rán wọn létí ohun tí àwọn náà mọ̀. Ìlú ọdẹ ni Kétu. Àwọn ọmọ wa tí wọ́n kó lọ sóko ẹrú ní Bràsíl, títí di òní olónìí, Ọ̀ṣọ́ọ̀sì ọdẹ ni wọ́n ń pè ní ọba Kétu. Nínú àlọ́ tí wọ́n pa fún gbogbo wa ní kékeré, nígbà tí ọdẹ wà lórí igi tí wọ́n ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gé igi náà lulẹ̀ tán, ta ló pè? Àwọn ajá rẹ̀ ni. Ilé tó ti bọ́ ajá, tó ti fọ ọgbẹ́ rẹ̀, tí ọmọ ilé ti fún un ní orúkọ, ajá náà ti kúrò ní ẹran ọjà. Ohun tí mo gbà gbọ́ nìyẹn, mo sì lè sọ ọ́ níwájú ìyá àgbà tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀.

Bí ẹ ò bá tíì sọ ọ́ lórúkọ, ẹ fún un ní èyí tó kúrú tí ẹnu ọmọ lè pè pẹ̀lú ohùn ìdùnnú. Mo mọ̀ pé ó wà nínú àṣà wa láti fi orúkọ ajá pa òwe mọ́ ará ilé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ti ajá yìí sọ̀kò ọ̀rọ̀ sí ìyá àgbà. Orúkọ tí a bá ń fi ìbínú pè, ohùn ìbínú náà ni ajá máa gbọ́ lójoojúmọ́.

Wọ́n tún sọ pé ẹ pàdánù owó oògùn. Ó dùn mí pé mi ò lè fi iye sẹ́fà kan dá a lóhùn, nítorí ajá yìí lè má ṣọ́ ilé láéláé. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ èyí. Ní 1914, ní Oberkassel lẹ́bàá ìlú Bonn ní Jámánì, àwọn tó ń fọ́ òkúta kan ibojì kan: ọkùnrin kan, obìnrin kan, àti ọmọ ajá kan tí kò ju bí oṣù méje lọ. Ó tó nǹkan bí 14,000 ọdún tí wọ́n ti sin wọ́n síbẹ̀. Nígbà tí àwọn onímọ̀ yẹ eyín ajá náà wò, wọ́n kọ ọ́ jáde ní 2018 pé àmì àìsàn líle kan wà lára rẹ̀, èyí tó jọ àrùn tí a ń pè ní distemper, tí í máa ń pa ọmọ ajá. Ó ṣàìsàn náà fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan kó tó kú. Kò lè dọdẹ, kò lè ṣọ́ ẹnikẹ́ni, kò sì lè yè fún àkókò yẹn bí kò bá sí ẹni tó ń fún un lómi, tó ń nu èébì rẹ̀, tó ń jẹ́ kó móoru. Àwọn tí kò ní ilé alámọ̀, tí kò ní oko, ni wọ́n ṣe èyí fún ẹran tí kò wúlò fún wọn, wọ́n sì sin ín pẹ̀lú èèyàn wọn. Ọmọ yín kò ṣe ohun àjèjì nígbà tó gbé ajá yẹn lẹ́yìn ọjà. Ohun àtijọ́ ló ṣe.

Ẹ jẹ́ kí ọmọ náà máa kọ́ bí ajá ṣe ń fi ara sọ̀rọ̀, torí òun ló máa tètè mọ̀ ọ́n ju gbogbo yín lọ. Ajá tó bá ń yán nígbà tí kò sí oorun lójú rẹ̀, ara ń ni ín. Bó bá ń lá ètè rẹ̀ láìsí oúnjẹ, tó ń yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, tí funfun ẹyinjú rẹ̀ ń hàn, ẹ fún un láyè, ẹ sún sẹ́yìn. Ìrù tó ń jù kì í ṣe ìdùnnú nígbà gbogbo. Bí ìrù bá le gan-gan tó sì ń gbọ̀n lókè, tí gbogbo ara dúró ṣinṣin, ìyẹn kì í ṣe ìgbà tí a ń gbá ajá mọ́ra. Ìrù tó rọ̀, tí ìdí àti èjìká ń bá a mì, ìyẹn ni ti ayọ̀. Kí ọmọ má dì í mọ́ra, kó má bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lé e lórí, kó má sì yọjú sí i lábẹ́ ibùsùn. Abẹ́ ibùsùn ni ilé ààbò rẹ̀, ẹ fi sílẹ̀ fún un. Kí ọmọ jókòó sílẹ̀ nítòsí, kó máa ka ìwé rẹ̀ sókè jẹ́jẹ́. Ajá yóò jáde wá gbóòórùn rẹ̀ nígbà tó bá fẹ́.

Wíwò lójú náà ní àkókò tirẹ̀. Fún ajá tó ń bẹ̀rù, ẹni tó tẹjú mọ́ ọn fẹ́ bá a jà ni. Ṣùgbọ́n ní 2015, àwọn onímọ̀ ará Jàpáàní fi hàn pé nígbà tí ajá àti ẹni tó ni ín bá ń wo ara wọn lójú pẹ̀lú ìfẹ́, omi ara kan tó ń jẹ́ oxytocin máa ń pọ̀ sí i lára àwọn méjèèjì. Òun náà ló máa ń pọ̀ lára ìyá tó ń fún ọmọ lọ́mú. Nítorí náà ẹ má wá ojú rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí òun wá tiyín.

Àwọn nǹkan kéékèèké tó kù: ẹ má so okùn mọ́ ọn lọ́rùn mọ́ láé, ọgbẹ́ jinná ṣùgbọ́n awọ ibẹ̀ kò nípọn. Bí ẹ bá ní láti mú un jáde, kí okùn náà gba àyà àti abẹ́ ẹsẹ̀ iwájú rẹ̀. Gàrí tàbí ẹ̀kọ nìkan kò tó o, ẹ fi ẹja tàbí ẹran díẹ̀ sí i, kí àlùbọ́sà má sí níbẹ̀, kí ṣokoléètì má sì dé ẹnu rẹ̀. Oògùn aràn ṣe pàtàkì, ẹ sì máa yẹ inú etí àti àárín ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ wò fún eégbọn, pàápàá nígbà òjò. Bó bá jẹ́ abo, ẹ bá dókítà sọ̀rọ̀ nípa iṣẹ́ abẹ tí kò ní jẹ́ kó bímọ. Ọjọ́ 63 péré ni oyún ajá, ibi tí irú tiyín yìí sì ti ń wá nìyẹn, ọmọ ajá tí ẹnikẹ́ni kò fẹ́. Lálẹ́ Gẹ̀lẹ̀dẹ́, tàbí bí àwọn ọdẹ bá fẹ́ yìnbọn níbi òkú, ẹ tì í mọ́lé ṣáájú kí ìlù tó dún.

Mo gbọ́dọ̀ sọ èyí náà. Bó bá ti bu ọmọ jẹ dé ibi tí ẹ̀jẹ̀ ti jáde, tàbí tó ń lé ọmọ kiri láìjẹ́ pé oúnjẹ wà níbẹ̀, kí ẹ má fi ọ̀rọ̀ mi yìí dá ara yín dúró. Ẹ pè mí. Ó lè jẹ́ ilé tí kò sí ọmọdé ló yẹ ẹ́. Àánú ajá kò gbọdọ̀ fi ara ọmọ ṣòfò. Ṣùgbọ́n nínú ohun tí ẹ kọ, ẹ kò tíì dé ibẹ̀, ẹ sì jìnnà sí i.

Ní Kétu yín níbẹ̀ ni yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ wà, ẹ lè béèrè lọ́wọ́ wọn ibi tí dókítà ẹranko tó sún mọ́ yín wà. Bó bá jẹ́ ọ̀dọ̀ mi ní Àjàṣẹ́ lẹ fẹ́ mú un wá, ẹ má fún un lóúnjẹ láàárọ̀ ọjọ́ náà, kó má bàa máa bì nínú ọkọ̀ láti Pọ́bẹ̀ títí dé Sakété. Ẹ gbé aṣọ tó máa ń sùn lé dání, ẹ sì mú ọmọ náà wá, torí òun ni mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀ jù. Ẹ bá mi kí ìyá àgbà. Ẹ sọ fún wọn pé bí wọ́n bá fẹ́ fún ajá ní egungun, egungun màlúù ńlá tí kò tíì rí iná ni o, kì í ṣe ti adìyẹ tí wọ́n ti sè, nítorí ìyẹn máa ń fọ́ ṣónṣó, ó sì lè gún un nínú.